Òróró Àdúrà Lára Màṣíìnì Àbúrò Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, n kì í lè jókòó pẹ́ mọ́. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, màá lọ sí gáráàjì, màá wo màṣíìnì tó wà níbẹ̀, màá tún padà wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, bóyá ẹsẹ̀ mi á sinmi.

Bísọ́lá lorúkọ mi. Mission Bend, ní ìwọ̀-oòrùn Houston, ni èmi àti Ládépọ̀ ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú Mojọlá, ọmọ wa. Àbúrò ọkọ mi, Ọládọ̀tun, ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó sì ń lọ sí yunifásítì ní Third Ward, àdúgbò kan nínú Houston. Òun ló ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Wọ́n ti bí i tipẹ́ kí n tó wọ ilé ọkọ, nítorí náà n kì í pè é lórúkọ. Bọ̀dá Dúdú ni mò ń pè é, òun náà á sì pè mí ní Ìyàwó. Bó bá ti ń ti ìta bọ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń fa "Ìyàwó" yẹn wọlé, inú mi a sì máa dùn sí i ju bí ọkọ mi ṣe ń pè mí lọ.

Ọkọ mi kì í ṣe oníbìínú, àfi lórí ọ̀rọ̀ Ọládọ̀tun. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí, ọwọ́ ọkọ mi ni ìyá náà sì fi ọmọ yìí sí kó tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí wa rí, ó bú Ọládọ̀tun lórí oúnjẹ lásán. Ọkọ mi ní kó di ẹrù rẹ̀. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n mi yẹn kò tún tẹ ilé wa mọ́. Mo rí i, mo sì gbọ́n. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe Ọládọ̀tun ní jàǹbá, ilé Ládépọ̀ kò gbà á mọ́, ìbáà jẹ́ èmi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Bọ̀dá Dúdú ní màṣíìnì pupa kan, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sáré, tí ẹni tó gùn ún á dojú délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mu omi lódò. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun ló fi ń nù ún. Nígbà tó wá gba iṣẹ́ oṣù díẹ̀ ní Galveston, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó ní iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun á ba màṣíìnì òun jẹ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Ìyàwó, ìwọ ni mo fi ṣọ́ o. Máa bá mi tan án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí bátìrì má baà kú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún."

Mo kúnlẹ̀ gbà á, mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Kò mọ̀ pé ológbò lòun fi ṣọ́ ẹja.

Ṣé ẹ rí i, bàbá mi ló ń tún màṣíìnì ṣe ní Ìkìrun. Abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀bà ni mo ti mọ sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu, mo sì mọ màṣíìnì gùn dáadáa. Nígbà tí mo di wúńdíá, màmá mi lé mi kúrò níbẹ̀, ó ní kò sí ọkùnrin tó máa fẹ́ obìnrin tó ń rùn bẹntiróòlù. Mo lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo lọ́kọ, mo dé Amẹ́ríkà, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ màṣíìnì fún ẹnikẹ́ni nínú ilé ọkọ mi.

Mission Bend yìí ńkọ́? Ẹni tí kò bá ní mọ́tò níbẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n ni. Kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé. Láàárọ̀, Mojọlá á wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ọkọ mi á gbé mọ́tò kan ṣoṣo tí a ní lọ sí ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi, òru òpin ọ̀sẹ̀ ni. Láti Ajé dé Ẹtì, èmi àti ògiri là ń wo ara wa. Màá gbálẹ̀ tó mọ́, màá tún un gbá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tan màṣíìnì náà, mo sì pa á. Nígbà tí mo tún tan án, mo gun orí rẹ̀, mo ní kí n kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gùn ún dé etí títì, mo yí padà. Mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èṣù kì í ti ènìyàn lulẹ̀ lójijì, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fa aṣọ lára rẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo fi ń wọ ṣòkòtò ọkọ mi, tí mò ń dé akoto Bọ̀dá Dúdú, tí mò ń yí gbogbo àdúgbò ká. Ta ló máa mọ̀ pé obìnrin ló wà nínú akoto? N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti dé Houston, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo lọ síbì kan láìbẹ ẹnikẹ́ni kó gbé mi. Tí ọkọ mi bá dé nírọ̀lẹ́, á ní ojú mi ń dán, á bi mí ohun tí mo jẹ. Màá ní dòdò ni.

Ọjọ́ tó máa bàjẹ́, mo yà sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun. Iyanrìn wà lójú títì. Táyà iwájú yọ̀. N kò sáré rárá, ṣùgbọ́n màṣíìnì yẹn wúwo, apá òsì ló fi lélẹ̀. Orúnkún mi bó yánnayànna. Nígbà tí mo gbé e dìde, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀, irin gígùn tí a ń dì mú yẹn, ti tẹ̀ wọnú lápá òsì. Mo fẹsẹ̀ tì í délé nínú oòrùn.

Ẹ máa wò ó, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ọwọ́ màṣíìnì tó tẹ̀ kì í ṣe òkú ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀gbọ́n mi tó di ẹrù rẹ̀, ni ẹnu mi bá dì.

Mo bẹ Morónkẹ́, aládùúgbò wa tó ní mọ́tò, pé kó gbé mi dé ibi tí wọ́n ti ń ta ara àwọn màṣíìnì àlòkù. Mo parọ́ fún un pé ọkọ mi ló rán mi. Òyìnbó tó tà á fún mi bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀ ọ́n dè. Mo ní ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Irin tí mo rí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ó kàn ga díẹ̀ ni. Mo ní ta ló máa wò ó débẹ̀.

Nígbà tí ilé dá, mo ti ilẹ̀kùn gáráàjì, mo fi ìró bo táǹkì kí ọ̀dà rẹ̀ má baà họ. Mo tú dígí, mo tú kílọ́ọ̀ṣì lápá òsì, mo tú bíréèkì lápá ọ̀tún. Omi bíréèkì wà nínú ike kékeré kan níbẹ̀. Mo fi okùn so ó dúró lóòró kí ó má baà dà, kí atẹ́gùn má sì wọ inú rẹ̀. Mo tú bóòtù mẹ́rin tó di irin náà mú láàárín, mo yọ èyí tó tẹ̀, mo gbé tuntun sí i. Mo ń dè é díẹ̀díẹ̀, síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe é. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo wò ó bóyá wáyà kankan há. Kò sí èyí tó há. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọrin.

Ó wá ku rọ́bà ọwọ́ òsì, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ ń dì mú gan-an. Ó le, kò fẹ́ wọlé. Bàbá mi ti kọ́ mi láti kékeré pé bẹntiróòlù ni kí n fi wọ̀ ọ́, torí bẹntiróòlù á gbẹ, rọ́bà á sì di irin mú. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi òróró sí i láéláé, torí òróró kì í gbẹ. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Bẹntiróòlù sì wà nínú táǹkì níwájú mi.

Ṣùgbọ́n ìgò òróró àdúrà wà lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ìyá Àdúrà wa ló máa ń po ólífì mọ́ lọ́fíńdà olóòórùn líle, á gbààwẹ̀ lé e lórí, á pín in fún wa. Tí wọ́n bá fi kàn yín níwájú orí lọ́jọ́ Ìsinmi, ó di ọjọ́ Ajé kí òórùn rẹ̀ tó lọ. Mo rò ó pé iṣẹ́ tí mo ṣe níkọ̀kọ̀ yìí, àfi kí Ọlọ́run bá mi fọwọ́ sí i. Mo sọ fún ara mi pé òróró àdúrà yàtọ̀ sí òróró ọjà.

Mo dà á sọ́wọ́, mo fi ra irin náà. Mo ní, "Olúwa, bo àṣírí mi, kí O sì ṣọ́ ẹni tó máa gùn ún."

Rọ́bà náà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ nínú gáráàjì, mo dúpẹ́ pé àdúrà mi gbà. Lọ́jọ́ kejì, mo di rọ́bà náà mú, mo yí i wò. Ó yí díẹ̀ lórí irin. Mo ní á gbẹ. Èmi ọmọ bàbá mi, mo ní òróró á gbẹ.

Bọ̀dá Dúdú ti Galveston dé, ó gba gáráàjì wọlé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń fi ọwọ́ lọ́ etí ìró mi. Ó wo màṣíìnì rẹ̀ tìtì. Ó gbé ọwọ́ lé irin náà, ó rọra fi ọwọ́ ra á. Ó wá wojú mi.

"Ìyàwó, ṣé màṣíìnì mi ṣe dáadáa?"

"Dáadáa ni, Bọ̀dá Dúdú."

Kò kúrò níbẹ̀. Ó dúró bí ẹni tó ń retí nǹkan. Mo ní ìrẹsì wà nílẹ̀, mo sá wọlé.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Paul bá òun pààrọ̀ táyà iwájú. Paul yìí, ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa, ó jẹ́ aláwọ̀dúdú ọmọ Houston, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún màṣíìnì ṣe. Wọ́n ṣe é parí níwájú ilé wa, Bọ̀dá Dúdú gbé jìtá kọ́ ẹ̀yìn, ó kọjú sí Third Ward. Oòrùn ọjọ́ náà mú. Ní ibi tó ti ń gun òkè wọ fíríwéè, títì ńlá tí mọ́tò ti ń sáré, ó fa ọwọ́ òsì, ni rọ́bà bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Màṣíìnì sá kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí tẹlifóònù dún, èmi ni mo gbé e. Mi ò lè sọ bí mo ṣe dé ọsibítù fún yín. Egungun èjìká rẹ̀ kán, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ fọ́, wọ́n fi irin sí i. Dókítà ní ẹ̀mí rẹ̀ kò sí nínú ewu, àmọ́ òun kò lè ṣèlérí nípa àwọn ìka náà. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, ó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀. N kò rí i kó sunkún rí.

Nígbà tó dìde, Paul ló fi bú. Ó ní ta ló fọwọ́ kan màṣíìnì náà láàárọ̀ bí kò ṣe Paul? Ó pe ibi iṣẹ́ Paul lórí tẹlifóònù, ó ní òṣìṣẹ́ wọn fẹ́ pa àbúrò òun. Ó tún lọ rí lọ́yà. Ibi iṣẹ́ ní kí Paul lọ jókòó sílé ná. Mò ń wò ó látojú fèrèsé wa, ó jókòó síwájú ilé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Èmi ńkọ́? Mò ń rìn. Láti yàrá dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé gáráàjì. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi, oorun kò wá. Ìyá Àdúrà wá sí ọsibítù wá gbàdúrà, ó ṣí ìgò òróró rẹ̀, ó fi kan iwájú orí Bọ̀dá Dúdú. Bí òórùn yẹn ṣe kọlu imú mi, mo sá jáde, mo lọ bì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ìyàwó yìí mà fẹ́ràn àbúrò ọkọ rẹ̀ o.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, Paul kan ilẹ̀kùn wa. Kò bínú, kò pariwo. Ó bẹ ọkọ mi pé kó jẹ́ kí òun kàn wo màṣíìnì náà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi ṣí gáráàjì. Paul yẹ táyà wò, kò sí ohun tó ṣe é. Ó bi wá pé rọ́bà ọwọ́ òsì dà. Ọkọ mi rántí àpò ọ̀rá tí ọsibítù kó aṣọ Bọ̀dá Dúdú sí. Rọ́bà náà wà níbẹ̀, wọ́n ní ó dì í mú gírígírí títí wọ́n fi gbé e dé. Paul ti ìka bọ inú rẹ̀, ó fi ìka ra ìka. Ó ní òróró ni, ó ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kò ní fi òróró síbẹ̀.

Ọkọ mi gbà á, ó gbé e sí imú. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná wa.

Ó rọra ní kí Paul máa lọ sílé, pé òun á wá bá a. Ó wọ mọ́tò, mo wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ yìí ló fi òróró àdúrà sí màṣíìnì ara rẹ̀." Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Kí ni ìyàwó rẹ̀ mọ̀ nípa màṣíìnì? Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀nà là fún mi gbayawu. Kí n ṣáà ti panu mọ́, ó parí. Mo sì panu mọ́ títí a fi dé ọsibítù.

Ọkọ mi gbé rọ́bà náà lé orí bẹ́ẹ̀dì. "Dọ̀tun, ṣé ìwọ lo fi òróró àdúrà sí ibí yìí?"

Bọ̀dá Dúdú wo rọ́bà náà. Ó wá wò mí, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbójú kúrò lára mi.

"Èmi ni, Bọ̀dá mi. Ẹ má bínú."

Ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Ó pè é ní òmùgọ̀, ó ní ó ti mú òun ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ lásán, ó ní bóyá ó fẹ́ tẹ̀ lé ìyá wọn lọ ni. Bọ̀dá Dúdú tẹrí ba, ó ń gba gbogbo rẹ̀ sára pẹ̀lú apá tí wọ́n fi báńdéèjì gbé kọ́rùn. Mo dúró, mo ń gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ mi tó ti ń rìn láti ọjọ́ yìí wá kọ̀, kò rìn mọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Irọ́ ni. Kì í ṣe òun. Èmi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kọ́kọ́rọ́ dórí òróró. Ohun tí ọkọ mi kọ́kọ́ bi mí ni pé níbo ni mo ti mọ màṣíìnì tú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí mi.

Bọ̀dá Dúdú ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Mo ti mọ̀, Ìyàwó. Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti rí i pé irin mi kọ́ nìyẹn. Mo ń retí kí o sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Mo bi ọ́. O ní dáadáa ni."

Ọkọ mi kò lé mi jáde. Bọ̀dá Dúdú ló bẹ̀ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì pé tí wọ́n bá lé mi, òun náà ò ní padà sílé yẹn. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ni ọkọ mi ń sùn. Òun fúnra rẹ̀ pe ibi iṣẹ́ Paul, ó sọ fún wọn pé òun ṣì í bú, Paul sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó mú mi lọ sílé Paul, ó ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré. Paul kò mọ ohun tó máa ṣe, ó ń gbìyànjú láti fà mí dìde, ìyàwó rẹ̀ ń wò mí lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ní kó jẹ́ kí n wà nílẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin obìnrin ilé bíi tèmi, bí ẹ bá fọ́ nǹkan onínǹkan, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ nǹkan. Ẹ má fi Ọlọ́run bo ohun tí ẹnu yín lè tún ṣe. Ọ̀rọ̀ kékeré kan lásán ni mo pa mọ́ sínú, òun ló di egungun ẹlòmíràn.

Bọ̀dá Dúdú ti padà sílé báyìí. Ìka rẹ̀ méjì kò ká délẹ̀ mọ́, jìtá rẹ̀ wà lára ògiri. Ó dárí jì mí, ó sọ ọ́ níwájú Ìyá Àdúrà, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ọsibítù dé, kò pè mí ní Ìyàwó mọ́. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á dìde díẹ̀ lórí àga, á fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á.

"Ẹ ṣeun, Anti Bísọ́lá."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń yìn ín pé ọmọ yìí mọ̀wà hù, ó ń bọ̀wọ̀ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màá rẹ́rìn-ín sí wọn. Màá wọlé, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, etí mi á sì wà lẹ́nu ọ̀nà.